Bí ògiri ò bá lanu: ta gan-an ni òwe yìí ń bá wí?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: àwọn ọmọ bàbá kan náà ń jà lórí ogún, àjèjì bá ráàyè ra ilẹ̀ ìdílé mọ́ wọn lọ́wọ́. Àgbà kan wá ní, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráàyè wọ̀ ọ́." Ṣé ohun tí àgbà náà ń sọ ni pé ẹni tó ra ilẹ̀ kò jẹ̀bi, pé àwọn ọmọ olóògbé nìkan ló jẹ̀bi?

Rárá o. Òwe náà kò dá aláǹgbá láre. Kò tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rárá, torí aláǹgbá kì í gbọ́ ìwàásù. Ibi tó bá ti rí àyè ni yóò gbà. Onílé ni òwe ń bá wí, nítorí òun nìkan ló lè po ẹrẹ̀ kó fi rẹ́ ògiri.

Ẹni tó bá gbé ilé alámọ̀ rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀ẹ̀rùn á mú, ògiri á sán díẹ̀, ojú ibi tó sán ò ní ju ìbú èékánná lọ. Kò sẹ́ni tó máa kà á sí. Aláǹgbá ni yóò kọ́kọ́ rí i. Á wọ̀ ọ́, á jáde, á tún wọ̀ ọ́, á máa ha amọ̀ níbẹ̀ títí ihò á fi gba ọwọ́ ọmọdé. Bí òjò bá wá dé, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé. Aláǹgbá kọ́ ló la ògiri, ṣùgbọ́n òun ló sọ ibi tó sán di ihò. Ẹ̀bi tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, kàn-ń-pá.

Àwọn kan máa ń da òwe yìí pọ̀ mọ́ "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani", àti "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà". Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn méjì yẹn ń tọ́ka sí ọ̀dàlẹ̀: ẹnìkan wà nínú ilé tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ti ògiri kò nílò ọ̀dàlẹ̀ kankan. Gbogbo ará ilé lè jẹ́ olóòótọ́, kí ògiri sì sán torí pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtàn tó bá a mu jù lọ ni ti Afọ̀njá. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, olórí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ìlọrin ló sì fi ṣe ibùjókòó. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun àtàwọn ìjòyè dìtẹ̀ mọ́ Aláàfin Aólẹ̀, Aólẹ̀ sì bá ọ̀tẹ̀ náà lọ. Láti ìgbà náà, Afọ̀njá ò gba àṣẹ Ọ̀yọ́ mọ́. Kó lè rí ẹ̀yìn gbára lé, ó ránṣẹ́ pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní kan, wá sí Ìlọrin. Ní nǹkan bí ọdún 1817, ó ti ń gba àwọn ẹrú Haúsá tó sá lọ́dọ̀ olówó wọn sínú ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n ń pè ní jamáà. Jamáà ń jagun fún un, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ará ìlú lẹ́rù. Àwọn èèyàn kìlọ̀ fún Afọ̀njá, kò gbọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ fi máa là, apá rẹ̀ ò ká wọn mọ́. Ó ké sí Ṣọlágbẹ́rù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè Sùnnà. Ìyẹn ò dìde. Ní nǹkan bí ọdún 1824, àwọn tó fi ṣe odi ló pa á. Ìtàn ní ọfà àti ọ̀kọ̀ tó gún un pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ ò ṣubú, orí igi wọn ló dúró lé. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, di ẹ́míà, kí ọdún 1840 sì tó pé, Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní Afọ̀njá ni ikú ilé níbẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Ọ̀yọ́ ti sán kó tó dé: Baṣọ̀run Gáà ti ń fi Aláàfin jẹ tó sì ń sọ pé kí wọ́n lọ kú láti nǹkan bí ọdún 1754 títí wọ́n fi pa á lọ́dún 1774. Afọ̀njá bá ihò níbẹ̀ ni, ó sì fẹ̀ ẹ́. Ti Èkó kò yàtọ̀ púpọ̀. Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ń du oyè Ọba Èkó, Akítóyè fẹnu ara rẹ̀ bẹ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yin ìbọn àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Lọ́dún 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di tiwọn.

Ara èèyàn ń fi òwe yìí hàn kedere ju ìtàn ogun lọ. Ẹ wo kòkòrò ikọ́ ife. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn ayé ló ti kó o sára, síbẹ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni yóò sọ di aláìsàn láyé wọn. Nínú àwọn tó kù, àwọn ọmọ ogun ara ti yí kòkòrò náà ká nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sé e mọ́bẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. Ìgbà tí ebi, àtọ̀gbẹ tàbí kòkòrò HIV bá sọ ara di aláìlágbára ló tó rí ọ̀nà. HIV ló burú jù níbẹ̀, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara gan-an ló ń wọ̀ lára, ó sì ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Nínú oko, ẹ wo ewé Akíntọ́lá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ìparí àwọn ọdún 1930 ló sì dé Nàìjíríà. Orúkọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni wọ́n fi pè é, àwọn mìíràn ní "Akíntọ́lá takú". Níbòmíràn ewé Awólọ́wọ́ ni, kí ìjà ìṣèlú má bàa tán lóko. Ewé yìí kò lágbára nínú igbó dídí, torí òjìji ò bá a lára mu. Bí wọ́n bá gé igi tí oòrùn kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé irúgbìn rẹ̀ dé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ, iná á ràn mọ́ ọn, iná á jó àwọn igi kéékèèké, àyè á tún fẹ̀ sí i. Gbòǹgbò tirẹ̀ á sì tún rúwé. (Òun kan náà sì ni àgbẹ̀ ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.)

Àmọ́ òwe yìí ní ibi tó mọ. Lọ́dún 1520, ṣàpọ̀ńná bá àwọn ará Sípéènì wọ ilẹ̀ Mẹ́síkò. Àwọn ará Tlaxcala, ìlú kan níbẹ̀, tí wọ́n kórìíra Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Aztec, ti bá Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, da ogun pọ̀. Òwe ògiri bá ìyẹn mu dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti ní ṣàpọ̀ńná rí ní gbogbo ilẹ̀ náà, ara ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Ṣàpọ̀ńná pa Cuitláhuac, ọba Tenochtitlan, kí ìlú tó ṣubú lọ́dún 1521, ó sì pa àwọn ará Tlaxcala náà. Ògiri wo ni ká ní kí wọ́n ti rẹ́? Torí ìyẹn ni àwọn àgbà fi máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó ẹrẹ̀, bí àwọn ọmọ tó ń jà lórí ogún. Ẹni tó bá pa á fún ẹni tí àrùn tàbí olè ṣàdédé já lù ti ṣi òwe pa.