Kúùbù ni, àbí kì í ṣe kúùbù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí, Agbowó ni mò ń gbé. Mo po lanthanum oxide mọ́ ti irin, mo sun ún títí ó fi di LaFeO₃. Nígbà tí èsì X-ray dé, kọ̀ǹpútà ní ó bá ìrísí méjì mu: kúùbù àti orthorhombic (bí àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba). Kúùbù ló fún ní máàkì tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí n mú? A. T.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá rẹ ló jàre. Àwọn ṣóńṣó ńláńlá ni kọ̀ǹpútà fi ń fúnni ní máàkì, àwọn yẹn ò sì lè dá ẹjọ́ yìí. Ìrísí yòówù kó jẹ́, ìtòsí igun 22.6, 32.2 àti 39.7 ní ìwọ̀n dígírì (2θ) náà ni wọ́n máa wà. Lọ wo 25.3, bó bá jẹ́ X-ray bàbà, tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 1.54 angstrom, ni wọ́n lò. Orthorhombic máa ń gbé ṣóńṣó kékeré kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n kúùbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3.93 angstrom ò lè gbé ṣóńṣó kankan síbẹ̀, bó ti wù kí o ṣírò rẹ̀ tó. Nígbà tí à ń lo fíìmù, ojú wa la fi ń wá irú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí máàkì tí yóò tàn wá.

Kí ló dé tí ṣóńṣó yìí fi kéré? Ọ́síjìn mẹ́fà ló yí irin kọ̀ọ̀kan ká, àwọn ọ́síjìn yìí ló sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìrísí náà kì í fi í ṣe kúùbù mọ́. Ara electron ni X-ray ti ń ta padà. Lanthanum ní 57, irin ní 26, ọ́síjìn ní 8 péré: bí ẹní ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rọ ata ní ọjà Bódìjà ni. Neutron ni kì í fojú ré ọ́síjìn, torí àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ló ń bá ṣe, kò ka electron. Òun náà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hugo Rietveld ń lò ní Netherlands nígbà tó gbé ọ̀nà ìṣirò rẹ̀, tí a fi ń bá ìrísí mu pẹ̀lú èsì, jáde ní 1969, èyí tí gbogbo wa wá ń lò fún X-ray.

Ìwọ ò lè rí neutron lò báyìí. Sọ fún wọn kí wọ́n tún un yà láti 20 dé 30, kí wọ́n rọra yà á. Bí wọ́n bá sáré, ṣóńṣó náà á rì. Tí o bá wá ń ṣírò, fi ẹ̀gbẹ́ 5.55, 5.57 àti 7.85 angstrom bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé kan bá pe orúkọ ìtò àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Pbnm, tí òmíràn kọ Pnma, má dààmú, ìrísí kan náà ni, wọ́n kàn pààrọ̀ ipò àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Èyí tí o ò bi mí nìyí: ṣé o sun lanthanum oxide náà kí o tó wọ̀n ọ́n? Nínú ọ̀rinrin Ìbàdàn yìí, ó ń fa omi bó ṣe wà nínú ìgò. Bí o bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, omi wà nínú ohun tí o wọ̀n, irin á sì pọ̀ ju lanthanum lọ. Wo 24.1 àti 33.2, bí ṣóńṣó bá wà níbẹ̀, oxide irin tó ṣẹ́kù nìyẹn. Sun lanthanum oxide náà ní 900 ní ìwọ̀n Celsius mọ́jú, kí o tún iṣẹ́ náà ṣe.