Má kúrò nínú ẹgbẹ́ fújì yẹn, wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀

Àbúrò mi ará Ìlọrin, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní o wọ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ fújì kan lórí WhatsApp kí o lè rí ẹni bá ọ sọ̀rọ̀ orin, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nílé ìwé ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin àwọn bàbá ni ò ń gbọ́. O débẹ̀, ìjà lo bá: ta ló ga jù nínú àgbà olórin fújì méjì, Barrister àbí Kollington, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. O jókòó, o kọ ọ̀rọ̀ odindi ojú àwo kan sílẹ̀, o gbé e síbẹ̀, ẹnìkan sì gbé e lọ sórí Facebook láìdárúkọ rẹ. O wá ń béèrè bóyá kí o kúrò, àti bóyá ọ̀rẹ́ gidi tiẹ̀ wà nírú ibẹ̀ yẹn rárá.

Ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Tí mo bá yọ àwọn ọmọ mi kúrò, àwọn tí mo sún mọ́ jù lónìí, inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àríyànjiyàn ta-ló-ga-jù sọ di ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ ló so wá pọ̀.

Jẹ́ kí n tètè sọ ti ìjà yẹn kí n lè kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣe sójà rí. Inú wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, ni àwọn méjèèjì ti jáde. Barrister ló sọ orin yìí ní fújì, Kollington ló gbé bàtá wọ inú rẹ̀. Wọ́n fi orin bú ara wọn ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ta àwo sì rí owó pa. Wọ́n ti parí ìjà kí Barrister tó kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ó wá ku àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí wọn ò tíì gbọ́ pé ìjà ti parí.

Nítorí náà, bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, má dá sí i. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan lè gba èèyàn 1,024, kìkì ìwọ̀nba tó fẹ́ràn ẹnu ara wọn ló ń pariwo níbẹ̀. Àwọn tó dákẹ́ ni kí o máa fojú wá.

Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì òde kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n gbà lójú agbo níbi ìnáwó, tí kò sí lórí àwo. Olórin ń ki onínàáwó lọ, ó dákẹ́ díẹ̀, gángan sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo agbo hó yèè. Mi ò gbọ́ ohun tí ìlù wí. Mo yí i padà títí ọmọ mi fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn sùn. Mo bá gé ibẹ̀ sọ́tọ̀, mo fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́: ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlù yìí ń sọ?

Àwọn alárìíyànjiyàn ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan ní “Ojú la wò, ẹ má bú” ni, ó ní olórin náà ń fi ìlù sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹni tí wọ́n jọ ń figa gbága. Òmíràn ní “Igbá la rà, ẹ wá gbé.” A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́, torí ohùn kan náà ni gbólóhùn méjèèjì ń bá lọ, ohùn sì ni ìlù ń gbé, kì í pe ọ̀rọ̀. Àwọn tó dàgbà tó láti gbọ́ rédíò Ìbàdàn láyé ọjọ́un á rántí bí àwọn aráàlú ṣe ń túmọ̀ ìlù tí ilé iṣẹ́ náà fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ sí “B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọba?”

Nígbà tó di òru, baba kan tí kò sọ̀rọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ọmọ Àyàn ni, Ìbàdàn ló ń gbé. Kò túmọ̀ nǹkan kan. Ìbéèrè ló bi mí: “Òde kí ni?” Mi ò mọ̀. Mo bá lọ bá ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì, ọmọ wa obìnrin kan ní Peckham ní London, tí bàbá rẹ̀ kó kásẹ́ẹ̀tì kún àpótí nígbà tó ń lọ sílùú òyìnbó. Ó ya fọ́tò bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Báírò tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é kà: “Ìṣílé, Mushin.” Mo fi han baba. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ́kọ́ fi ẹnu lu ìlù náà bó ṣe lọ, ó wá ní: “Ilé la wà, ẹ wá jó. Kí ni wọn ì bá tún lù níbi ìṣílé?”

Àwa mẹ́ta ò fojú kan ara wa rí. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ ìlù, ẹni tó gbọ́ ìlù ò ní kásẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo ń kọ ọ́ ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, sùúrù nìkan ni mo ní. Láti ìgbà náà ni baba ti ń kọ̀wé kí mi ní gbogbo Jímọ̀, “Àlàájì, ẹ kú Jímọ̀ o,” torí kò wá sí i lọ́kàn pé obìnrin ló jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì fújì lóru. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, ó ní kí n gbé ọkọ mi fún òun.

Ibi tí mò ń lọ nìyí o. Má gbé iṣẹ́ tó ti parí síwájú wọn mọ́. Iṣẹ́ tó ti parí, “Ọlọ́run á bù kún ọ” ni wọ́n máa wí, wọ́n á sì gbé e lọ. Fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí etí rẹ kò dé, kí o sì béèrè ní pàtó: ta ni Àlàájì tí wọ́n ń kì níbí, àdúgbò wo ni wọ́n dárúkọ, ẹsẹ Kùránì wo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá dí àlàfo kan fún ọ kò ní lè gbàgbé iṣẹ́ náà. Yóò padà wá wò ó bí ìyá olómi ṣe ń padà wá wo ìkòkò rẹ̀ lábẹ́ òṣòòrò.

Ohun kejì tó sọ wá di ẹbí ni orin tí àwa fúnra wa ṣe. Nígbà tí ọmọ Peckham yẹn bímọ, a ní kí a ṣe orin ìkómọ fún un lọ́nà fújì, orin tiwa, kì í ṣe kí a gba ti ẹlòmíràn kọ. Baba lu gángan, ọmọ rẹ̀ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i. Tíṣà kan ní Òṣogbo to oríkì bàbá àti ìyá ọmọ. Èmi lé orin, àwọn yòókù gbè é, oníkálùkù nínú ilé rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, má gbìyànjú pé kí gbogbo yín jọ máa kọrin lórí ìpè kan náà. Ohùn máa ń pẹ́ dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà ní London á máa gbè orin tí ẹni Ìbàdàn ti kọ kọjá. Ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ tán pátápátá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo elégbè. Elégbè kọ̀ọ̀kan á máa gbọ́ ìlù nínú íápíìsì lórí fóònù kan, á sì fi fóònù mìíràn gba ohùn ara rẹ̀. Láìsí íápíìsì, ìlù á ṣàn wọnú ohùn, ẹ ó sì ní ìlù méjìlá tí kò bára mu. Kí baba onílù fi agogo kà wọlé, kí oníkálùkù pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan ṣoṣo lórí agogo tó kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Pàtẹ́wọ́ yẹn ni ẹni tó ń to orin pọ̀ máa wá: lórí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń to ohùn pọ̀, ó máa ń yọ ṣóńṣó bí ìṣó, ẹ ó kàn fa gbogbo ṣóńṣó yẹn sórí ìlà kan ni. Ẹ má fi ohùn náà ránṣẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán lórí WhatsApp, torí ó máa fún un pọ̀, gbogbo ìjìnlẹ̀ ìlù á sì lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ bí ẹni ń fi fáìlì ìwé ránṣẹ́, bó ṣe wà ló máa dé.

Nínú tiwa, àkùkọ kọ lẹ́yìn ohùn ẹnìkan, a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi aṣọ òfì bo orí kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò má bàa wọlé. Ohùn tirẹ̀ ló mọ́ jù. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, ó mọ orin rẹ̀ sórí, ó sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú àkùkọ.

Nísinsìnyí, ti ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan nínú wa kó gbogbo orin tí a ti kọ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pélébé, ó fi fọ́tò ara rẹ̀ síwájú, ó sì ń tà á lóde àríyá. Tíṣà Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Òun ló fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, nínú iná àtùpà nígbà míì. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn dákẹ́. Àwọn kan ní kí a ti ilẹ̀kùn, kí a má jẹ́ kí ẹni tuntun rí fáìlì kankan mọ́. Mo takò ó, mo ṣì ń takò ó. Ilẹ̀kùn tí a bá tì mọ́ olè, òun náà la máa tì mọ́ irú baba Àyàn yẹn.

Ohun tí a ṣe ni pé a ń kọ orúkọ sókè fáìlì kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́wọ́ wa: ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó tún un ṣe, ẹni tó túmọ̀ ìlù. Ẹni tó bá fẹ́ jí i á ní láti jókòó pa orúkọ márùn-ún rẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ló sì rọrùn láti parẹ́. A sì fẹnu kò pé a ò ní tà á, torí ọ̀rọ̀ orin kì í ṣe tiwa, ti olórin ni, ti ẹbí rẹ̀ ni. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 ò sọ pé ẹni tó bá fi etí gbọ́ orin ló ni ín.

Àwa bẹ Tíṣà títí, kò dáhùn. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló dá a padà. Èmi ni mo fi ibì kan ránṣẹ́ sí i, níbi tí olórin ti po Lárúbáwá mọ́ Ìjẹ̀bú débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ orí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan tì í. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ó fi dá a padà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, tó sì fi kún un pé, “Ta ló sọ fún yín pé Ìjẹ̀bú nìyí? Àwórì ni.”

Kọ̀wé sí ẹni orí Facebook yẹn ní kọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré: kó fi orúkọ rẹ sí i. Tó bá ṣe é, ó lè jẹ́ ẹni iṣẹ́. Tí kò bá ṣe é, já a jù sílẹ̀, má gbé e wá sójú ẹgbẹ́, torí Barrister àti Kollington ni wọ́n máa tún padà fi ṣe. Ní ti owó, bí ẹ bá máa dá owó jọ láti tún ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ṣe, kí ẹ san án fún oníṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

O tún béèrè nípa kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ tó ti wà nínú páálí látọdúnmọ́dún. Má kàn kì í bọ inú rédíò kí o tẹ̀ ẹ́. Wo inú ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà ná: fóòmù kékeré kan wà níbẹ̀ lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìyẹn bá ti já bọ́, ohùn á máa lọ á máa bọ̀. Fi báírò yí i díẹ̀ kí o mọ̀ bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ṣẹ́ etí méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan lé e lórí. Fi òwú àti spírítì nu orí irin inú rédíò, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá sáré yí kásẹ́ẹ̀tì náà lọ dé òpin, kí o sì yí i padà, kí o tó jẹ́ kó kọrin. Bí ohùn olórin bá ń dún bíi tọmọdé, rédíò yẹn ló ń sáré jù, wá òmíràn. WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí o gbà á sí, MP3 tó máa ń fún un pọ̀ lè tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Àmọ́ kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, gbé e lọ bá bàbá rẹ lálẹ́ òní, kí o bi í pé òde ta ni, ìlú wo, ọdún wo, kí o sì kọ ọ́ lé e lára. Má fi báírò kọ ọ́.