Omi kànga mi mọ́ gaara, tíì inú rẹ̀ dúdú bíi tàdáwà

Bọ̀dá Ọ̀fàtẹ̀dó, ẹ kú ìnáwó kànga. Ẹ ní omi tuntun yín mọ́ lóló, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ohun tó ń tinú àpáta wá kí ẹ tó ri ẹ̀rọ tó ń fa omi sí i ni, àbí lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ "omi mi mọ́" tí ẹ sọ yẹn gan-an ló kó bá èmi.

Ọdún kẹrin rèé tá a gbẹ́ tiwa níhà Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ kan àpáta, omi sun, ó mọ́ gaara, a se ìrẹsì fáwọn tó gbẹ́ ẹ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo po tíì fún ọkọ mi, ló bá dúdú bíi tàdáwà. Mo dà á nù, mo po òmíràn, bákan náà ló rí. Mo ní ayédèrú tíì ni wọ́n tà fún mi ní Ọjà Ọba, mo tiẹ̀ lọ bá obìnrin náà jà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Kò pẹ́, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Omi tá a bá pọn lálẹ́, tó mọ́, tílẹ̀ bá mọ́, ohun kan á ti tẹ́ sójú rẹ̀ bí ẹni da epo sí i, ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì á pọ́n bí ẹrẹ̀.

Mo gbé omi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé ike náà sókè síbi fèrèsé, ó wò ó, ó ní, "Màdáámù, omi yìí dáa ju tilé mi lọ. Ẹ lọ da álọ́ọ̀mù sí i." Ojú lásán ló fi ṣàyẹ̀wò o! Wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un. Ẹnìkejì tó wà lórí àga ní kúlóríìnì ni kí n dà sí i. Mo dà á. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo kànga ti pupa bí omi àgbàrá. Mo jókòó ti ẹnu kànga yẹn, mo sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé irin tó bá ti yọ́ sínú omi kì í hàn sójú, àfi tí afẹ́fẹ́ tàbí kúlóríìnì bá kàn án, ìgbà yẹn ló ń dógùn-ún tó ń pọ́n. Ìyá aláàdìrẹ kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó bu omi náà sẹ́nu, ó tu ú dànù, ó ní, "Irin ni. Èmi ò lè fi ṣan aṣọ tèmi, ojú funfun rẹ̀ á bàjẹ́."

Àyẹ̀wò wá kàn, ibẹ̀ ni ìyà tún ti jẹ mí. Mo bu omi sínú ike mínírà, ọjọ́ kẹta ni mo tó gbé e dé láàbù kan. Wọ́n gbowó, wọ́n ní irin inú rẹ̀ jẹ́ 0.2, pé 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan ni òdiwọ̀n Nàìjíríà, nítorí náà omi mi yege. Omi tó ń sọ tíì di tàdáwà ló yege! Nígbà tí mo gba ike mi padà ni mo rí i pé gbogbo irin náà ti lẹ̀ mọ́ ara ike, omi ojú rẹ̀ ni wọ́n bù wọ̀n. Ní yunifásítì tí mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọmọdébìnrin kan fún mi ní ike tiwọn tí wọ́n ti kán ásíìdì sí, ó ní n kò gbọdọ̀ ṣàn án, torí ásíìdì yẹn ni ò ní jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ ike. Èsì rẹ̀ jẹ́ 3.1.

Torí náà, ọwọ́ láàbù ni kí ẹ ti gba ike. Ti àyẹ̀wò kòkòrò, ike tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ gbé e dé láàbù nínú kúlà oníyìnyín, lọ́jọ́ yẹn náà. 

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ àti òórùn nìkan tàn yín. Irin máa ń ba tíì àti aṣọ jẹ́ ni, àwọn tí kì í hàn ló ń ṣèèyàn léṣe: arsenic, fluoride, manganese, òjé. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó, tí wọn ò bá lè wọ̀n wọ́n, ẹ gba ibòmíì lọ. Wúrà wà nínú àpáta ìhà Iléṣà, arsenic sì sábà máa ń bá àpáta oníwúrà rìn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ní Bangladesh, kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n má baà mu omi odò tó ní kòkòrò ni wọ́n bá a nínú rẹ̀ lọ́dún 1993. Arsenic ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan lọ, fluoride ò gbọdọ̀ ju 1.5 lọ, torí ó ń ba eyín ọmọdé jẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ se omi kí arsenic tàbí fluoride lè kúrò, ẹ má dá a lóhùn. Kòkòrò ni iná ń pa. Omi ló ń gbẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ki sí i.

Ẹ má fi ti odò Ọ̀ṣun wé e o. Àwọn awakùsà ló da ìyẹn rú. Tiwa yìí, ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kan sí i. Ṣaláńgá aládùúgbò ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá ó jìnnà tó mítà 30, èmi ò wò ó nígbà tiwa.

Háà, ìbéèrè yín. Ẹ fa omi inú rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí símẹ́ńtì tuntun àti ẹrẹ̀ lè kúrò, kí ẹ wá ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, torí èsì ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà. Ti kòkòrò, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ri ẹ̀rọ tán, torí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́. Àwa ra ẹ̀rọ àti táńkì ná. Irin dí ẹ̀rọ náà pa lọ́dún kejì. Báyìí, inú dúróòmù ni mo ń da omi sí láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, á sùn mọ́jú, mo fi yanrìn sẹ́ ẹ. Tíì ti padà pọ́n. Táńkì yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ ń fi ṣeré.