Gémù tí a ń kà kì í ṣe ìwé eré tó ti parí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ń gbé. Mo gbá gémù Clannad parí lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì sunkún bí ọmọdé. Mo fẹ́ fi ṣe sinimá Yorùbá: Tomoya, ọmọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà, á di Táyọ̀, ìlú wọn á di Ìkòròdú. Ẹnì kan ní òun á fi ẹ̀rọ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun á túmọ̀ rẹ̀, á sì di ìwé eré láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti ń béèrè àsansílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe ká kàn gbé kámẹ́rà? Ọ̀nà wo nínú ìtàn náà ni kí n yàn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò lọ́nà. Clannad kì í ṣe tìrẹ. Ilé-iṣẹ́ Key ló ṣe é ní Jàpáànì, ó sì jáde lọ́dún 2004. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, Copyright Act 2022, fi ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ iṣẹ́ àti láti sọ ọ́ di fíìmù sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Pé o sọ Tomoya di Táyọ̀ kò yí ìyẹn padà. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, wá lọ́yà tó mọ òfin yìí dáadáa, kó bá ọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ló ń bí mi nínú jù, torí kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Gbogbo yín ló gbà pé ìwé eré ti wà nílẹ̀, ó kù ká yà á. Irọ́ ni.

Mo mọ ohun tó ń tàn yín. Nínú visual novel, ìyẹn irú gémù tí à ń kà bíi Clannad, àwòrán kan á dúró lẹ́yìn, ènìyàn kan á dúró níwájú, ọ̀rọ̀ á máa jáde nísàlẹ̀, ìwọ á máa tẹ̀ ẹ́ kó lè máa lọ. Tó bá ṣe díẹ̀, yóò bi ọ́ pé èwo lo fẹ́ ṣe nínú méjì tàbí mẹ́ta, èyí tí o bá yàn ni yóò sì pinnu ọ̀nà tí ìtàn máa gbà. Ó jọ eré tí wọ́n ti yà sílẹ̀ tán, àfi kó máa rìn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan gbé irú gémù bẹ́ẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá bá mi, pé ká jọ sọ ọ́ di fíìmù kékeré. Ọmọkùnrin kan àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakodò. Àwòrán èbúté yẹn ò yí padà fún ìgbà pípẹ́, ojú ọmọbìnrin náà nìkan ló ń yí. Ìlà tó mú mi lọ́kàn rèé: “Ó rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí màmá mi máa ń rín lọ́jọ́ tí owó ọbẹ̀ bá ti tán.”

A lọ yà á. Òṣèré wa rẹ́rìn-ín, omi ọ̀sà ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a wò ó nílé, ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín létí omi la rí. Màmá ò sí níbẹ̀, owó ọbẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹni tí a fi fíìmù náà hàn bi mí pé ṣé ìfẹ́ ló ń pa á ni. A wá fi ohùn kan ka ìlà náà lé àwòrán lórí. Ìyẹn tún burú jù, àfi bí ẹni tó jókòó tì ọ́ tó ń sọ ohun tí ojú rẹ ń rí fún ọ. Níkẹyìn, a kọ ìran tuntun tí kò sí nínú gémù rárá: ìyá náà nínú ilé ìdáná, ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó tó so mọ́ ọn, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ọmọ ń wo òun, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹja ò tiẹ̀ wù mí lónìí.” Ẹ̀yìn ìyẹn la tó lọ sí èbúté. Ìlà kan yẹn gba ìdajì ọjọ́, ilé ìdáná tí a tọrọ, àti òṣèré kan sí i. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ yọ ìyẹn jáde?

Inú orí ẹni tó ń sọ ìtàn ni adùn gémù wọ̀nyí ń gbé. Ìwọ náà wà nínú orí yẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kámẹ́rà kì í wọ orí ènìyàn.

Ọwọ́ rẹ náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú gémù, ìwọ lo yàn án, ìwọ ló ń dùn. Nínú sinimá, Táyọ̀ la máa dá lẹ́bi, a ó sì máa jẹ gúgúrú wa lọ. Nínú Clannad, apá tó pa ọ́ lẹ́kún jù, After Story, kì í ṣí àfi tí o bá ti gba àwọn ọ̀nà yòókù kọjá. O ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú náà gbé kí o tó débẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ò bá ẹnikẹ́ni gbé.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Clannad fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2007, ilé-iṣẹ́ Toei gbé e jáde ní sinimá, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ni. Nagisa, ọmọbìnrin tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà, nìkan ni wọ́n dì mú, wọ́n sì gé ìtàn àwọn ọmọbìnrin yòókù dànù. Lọ́dún kan náà, ilé-iṣẹ́ Kyoto Animation bẹ̀rẹ̀ tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì lò ju apá 40 lọ títí di 2009. Wọ́n sọ Tomoya di ẹni tó ń ran ọmọbìnrin kan, Fuko, lọ́wọ́, lẹ́yìn náà òmíràn, Kotomi, nígbà tí Nagisa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà ọmọbìnrin méjì mìíràn, Tomoyo àti Kyou, ò wọlé. Apá àfikún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ayé mìíràn tí Tomoya ìbá ti yàn wọ́n. Bí ilé-iṣẹ́ tó ní gbogbo àkókò yẹn ò bá rí gbogbo rẹ̀ kó wọlé, kí ni ìwọ fẹ́ fi wákàtí méjì ṣe?

O béèrè ọ̀nà tí o máa yàn. Ní ti gémù èyíkéyìí tí o bá gba àṣẹ lé lórí, má yan èyí tó pa ọ́ lẹ́kún jù. Yan èyí tí ohun tí ènìyàn inú rẹ̀ ń ṣe hàn sí ojú lásán. Ní ọkàn rẹ, pa ohùn ẹni tó ń sọ ìtàn náà, kí o wò ó bóyá ìtàn náà ṣì ń lọ.

Ṣùgbọ́n ní tìrẹ, fi Clannad sílẹ̀. Bàbá tó ń mutí látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ tí kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́, bíi ti Tomoya àti bàbá rẹ̀: kò sẹ́ni tó ni ìyẹn, ó sì wà ní àdúgbò rẹ. Bí gémù bá wù ọ́ ṣe ju sinimá lọ, Ren'Py, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú gémù yìí, ni kí o lò. Ọ̀fẹ́ ni, o sì lè gbé iṣẹ́ rẹ sórí fóònù Android. Tètè yẹ fóǹtì tí o máa lò wò o, torí àwọn kan máa ń ju àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ nù, “ọkọ̀” á sì di “oko” lójú ẹni tó ń kà á.

Kọ ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìran ilé ìdáná tìrẹ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́. Màá kà á, mi ò sì ní gba owó lọ́wọ́ rẹ.