Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n ti géètì mọ́ àwọn tó ń wá pọn omi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Pásítọ̀. Gáà Àkànbí nílùú Ìlọrin ni à ń gbé. Èmi àti ọkọ mi gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sínú ọgbà wa, gbogbo àdúgbò sì ń wá pọn níbẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà àwẹ̀, ìdájí ni wọ́n ti máa ń kan géètì torí omi sààrì. Àwa là ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹnikẹ́ni kì í dá kọ́bọ̀, wọ́n sì ti já ẹnu ẹ̀rọ. Arábìnrin kan ní ìjọ wa ní kí n ti géètì, kí wọ́n lọ pọn ti mọ́ṣáláṣí. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ tí mo bá ti gbọ́ ìró kẹ́ẹ̀gì báyìí, ojú mi á le. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà, Mà. Ojú tó ń le yẹn ni ká kọ́kọ́ mójú tó, ká tó kan géètì.

Gbogbo wa la mọ àṣẹ pé kí a fẹ́ ẹnìkejì wa bí ara wa. Léfítíkù 19:18 ni Jésù ti mú un. Ẹsẹ 17 tó ṣáájú rẹ̀ ni a kì í sábà kà. Ó ní a kò gbọdọ̀ di ẹnikẹ́ni sínú. Bí ẹnìkejì wa bá ṣe ohun tí kò tọ́, ká sọ ọ́ sí i létí, kí àwa náà má bàa jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó, arábìnrin ìjọ yín ti gbọ́ ẹjọ́ yìí, èmi náà ti gbọ́, àwọn tó ń pọn omi nìkan ni kò tíì gbọ́. Bóyá wọ́n rò pé iná ìjọba lẹ fi ń fa omi.

Ẹ tún gòkè díẹ̀ sí i nínú orí yẹn kan náà, ẹsẹ 9 àti 10. Ọlọ́run ní kí àgbẹ̀ má kórè oko rẹ̀ tán dé eteetí, kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún tálákà àti àlejò. Etí oko ni, kì í ṣe gbogbo oko. Onílé mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, aláìní náà mọ ibi tí òun lè wọ̀ láìtọrọ àyè. Ará Samáríà inú Lúùkù 10 náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ojú ọgbẹ́ ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù sójú ọ̀nà, ó gbé e dé ilé èrò, ó san owó idẹ méjì sílẹ̀. Mátíù 20 fi hàn pé owó idẹ kan ni wọ́n ń san fún alágbàṣe lóòjọ́, nítorí náà owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn. Ó bá onílé èrò ṣàdéhùn èyí tó bá kù, ó sì ń bá ìrìn àjò tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ibi tó ti ń bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ yẹn gan-an.

Èyí tí arábìnrin yẹn ní kí wọ́n lọ pọn ti mọ́ṣáláṣí, n ò fọwọ́ sí i. Àwọn Júù àti ará Samáríà kì í da nǹkan pọ̀, síbẹ̀ ará Samáríà ni Jésù fi dáhùn nígbà tí amòfin bi í pé ta ni ẹnìkejì òun. Nínú Ìlọrin yìí, tí ẹ̀gbọ́n ti ń lọ kírun Jímọ̀ tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ta la fẹ́ fi ẹ̀sìn dá omi dúró fún?

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ omi fa páìpù kan gba abẹ́ ògiri bọ́ síta, kó fi ẹnu ẹ̀rọ onírin síbẹ̀, oníke ló ń tètè já. Kí èyí tí ẹ ó fi máa tì í wà nínú ọgbà lọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín lọ bá ìyá tó dàgbà jù nínú wọn, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ iye tí epo ń ná yín, ẹ fẹnu kò sí àkókò kan láàárọ̀ àti òmíràn nírọ̀lẹ́. Kí ẹni tó bá lágbára máa dá owó epo. Ẹ má gba ohunkóhun lọ́wọ́ opó àti arúgbó. Ẹ má sì jẹ́ kí owó náà wà lọ́wọ́ yín. Kí wọ́n yan ẹnì kan láàárín ara wọn tí yóò máa kó o jọ, ẹnu àwọn èèyàn kì í sinmi. Ní ti sààrì, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìta sílẹ̀ títí wọ́n á fi kírun àsámù tán lálẹ́, kí kálukú ti pọn tirẹ̀ kó tó sùn.

Ẹ ò sọ fún mi bóyá ẹ̀yin náà máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Jòhánù 4 ní Jésù fúnra rẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin ará Samáríà kan lẹ́bàá kànga Jákọ́bù. Bí wọ́n bá gbé ẹran iléyá wá tí ẹ̀rí ọkàn yín ò jẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́, ẹ fi ohùn tútù sọ fún wọn. Kí ọmọ wọn má lọ rí i lórí ààtàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti Bíbélì. Tí ẹ̀rùn bá mú gan-an, bí oṣù kejì sí oṣù kẹta, omi inú kànga máa ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ tó bá sì ń ṣiṣẹ́ láìrí omi fà lè jó. Ẹ ti sọ ìyẹn fún wọn kí ẹ̀rùn tó dé, kó má di pé lọ́jọ́ tí ẹ bá dín àkókò kù ni wọ́n á máa sọ pé obìnrin yìí ti yí padà.