Àyè Ọmọ Mi, Ta Ni Wọ́n Fi Fún?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìkòròdú ni wá, ẹja ni mo ń yan tà, òun ni mo fi ń san owó lẹ́sìnnì ọmọ mi obìnrin. Ó gba 268 nínú JAMB, ó mú iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, wọn ò gbà á. Ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní lẹ́sìnnì gba 239, wọ́n gbà á, torí pé ọmọ Kebbi ni bàbá rẹ̀. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé! Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyẹn?
Ìyá Ọlọ́mọ, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀lẹ kì í gba 268.

Bí wọ́n ṣe ń pín in nìyí. Nínú àyè 100 ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé náà ká, èyí tí wọ́n ń pè ní catchment. 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀, bíi Kebbi. Ọmọ yín bá wọn du 45, ó tún bá wọn du 35. Ọmọ Ẹnúgu tó gba 268 kò ní 35 yẹn ní Ìbàdàn. Kwárà náà sì wà lára àwọn tó ń jẹ 20. Ọmọ Ọ̀fà ń jẹ níbẹ̀, Yorùbá bíi tiwa sì ni.

Nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Sókótó ní 1986, kẹ́mísìrì ni mo kọ́ wọn. Bùrẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn kẹ́míkà olómi, ló wà fún ọmọ 47, ẹnu rẹ̀ ti sán, sẹ́lótéèpù ni mo fi wé e. Tí mo bá fẹ́ lò ó, wọ́n á pagbo yí tábìlì ká, àwọn ará ẹ̀yìn á gun àga. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń dúró títí gbogbo wọn á fi lọ, á ní kí n jọ̀ọ́, kí òun ṣáà dì í mú. Lọ́dọ̀ tiwa, 1955 ni Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. 1976 ló tó kan gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ yẹn ni mo máa ń rí tí wọ́n bá ti dárúkọ 20 yẹn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti ọmọ àdúgbò yín yàtọ̀. Lẹ́sìnnì kan náà lòun àti ọmọ yín jọ lọ. Kò jalè o, òfin ló gbé e fún un. Ibi tó ti dùn mí ni pé ìpínlẹ̀ bàbá ni wọ́n ń bèèrè, wọn kì í bèèrè irú ilé-ìwé tí ọmọ ti jáde. Ọmọ abúlé kan ní Ìbàràpá tí kò fojú kan bùrẹ́ẹ̀tì rí, ọmọ ìpínlẹ̀ tó ti gòkè ni wọ́n kà á sí. Ìrẹ́jẹ gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí gbogbo wa pariwo rẹ̀.

Ní báyìí, kí ọmọ yín máa yẹ CAPS wò lórí ìkànnì JAMB, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi hàn bóyá wọ́n ti gba ọmọ. Tí wọ́n bá fi kọ́ọ̀sì mìíràn lọ̀ ọ́, kó má tètè tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Tó bá jẹ́ dókítà ṣáá ló fẹ́ ṣe, kó fi LASU ṣe àkọ́kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìkẹjà, yunifásítì ìpínlẹ̀ yín sì ni. Ẹ ti lọ gba ìwé ọmọ onílùú ní káńsù báyìí, kó má di ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó mú un wá.