Ẹ BI WÁ: Sọ́ńdè kan ní Sábó, àbí ká máa rìn kiri?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀dọ́ márùn-ún kan la ní bándì níbí ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọ gìtá àti ìlù àmọ́ búlúùsì tó wọ rọ́ọ̀kì là ń ṣe báyìí. Ṣágámù o, Ẹ̀pẹ́ o, Ọ̀jọ́ta o, ibi tí wọ́n bá ti pè wá la ń lọ, epo bọ́ọ̀sì ló sì ń jẹ gbogbo owó wa. Ẹnì kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Sábó wá ní ká máa ṣeré lọ́dọ̀ òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, owó ẹ̀ ò pọ̀, àwọn kan nínú wa ní ìyẹn á so wá mọ́lẹ̀, pé ṣebí ìrìn kiri ló sọ Rolling Stones, bándì rọ́ọ̀kì Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù, di ńlá. Ìkejì, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wa ló ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa, wọ́n tún ń sọ pé ká yọ ọ́ torí kò rí bí olórin. Kí lẹ rí sí i? — Onígìtá, Ẹbúté

Ìdáhùn: Onígìtá, àbúrò mi, ẹ gba Sọ́ńdè yẹn. Ẹ gbà á kíá kó tó di ti ẹlòmíì.

Àwọn tó ń bá ẹ sọ ti Rolling Stones, apá kan ìtàn ni wọ́n mú. Wọ́n rìn lóòótọ́, àmọ́ ojú kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbó. Ọjọ́ 12 oṣù keje 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn ṣeré, ní Marquee Club ní Lọ́ńdọ̀nù. Alexis Korner, olórin búlúùsì kan, ló ni Tọ́sìdeè níbẹ̀, BBC wá pè é sórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ náà, àyè ṣí, àwọn bọ́ìsì yìí bá wọlé. Ẹ má rò pé nǹkan dùn látìgbà yẹn o. Nínú òtútù burúkú tó mú ní 1962 sí 1963, fúláàtì játijàti kan ní Edith Grove ni mẹ́ta nínú wọn, Brian Jones, Mick Jagger àti Keith Richards, ń gbé, owó ò sí, gìtá ṣáà ni wọ́n ń ta látàárọ̀ dalẹ́.

Oṣù kejì 1963 ni Giorgio Gomelsky, ẹnì kan tó ń ṣètò eré, fún wọn ní Sọ́ńdè ní yàrá ẹ̀yìn Station Hotel ní Richmond, ibẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní Crawdaddy. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Sọ́ńdè ni, hòtẹ́ẹ̀lì ni. Èèyàn díẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, àwọn díẹ̀ yẹn padà mú ọ̀rẹ́ wá, nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ibẹ̀ ti kún fọ́fọ́, àwọn Beatles fúnra wọn wá wò wọ́n, Andrew Loog Oldham náà wá, ó di mánéjà wọn, wọ́n fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Decca, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ní oṣù karùn-ún, rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni tọ́ọ̀ ńlá àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àti àwọn olórin Amẹ́ríkà, Everly Brothers àti Bo Diddley.

Ẹni tó gbọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí ló máa tún jókòó síwájú yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò lè tan án, orin tí ò dùn ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó padà dé. Tó bá jẹ́ Ṣágámù lónìí, Ẹ̀pẹ́ lọ́la, àṣìṣe kan náà lẹ ó máa gbé kiri. Fela náà, Shrine ló ti máa ń ta orin tuntun títí á fi gún régé kó tó gbé e wọ sítúdíò.

Owó tó kéré yẹn, ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó fún yín ní ìdá kan nínú owó géètì, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa ra epo jẹ́n, kó sì fún yín ní yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ tí ìlù á máa wà. Kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, bí aago márùn-ún, kí ará Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìgbógbo rí ọkọ̀ padà sílé, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì ní Mọ́ńdè kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tójú ń rí ní Mile 12.

Ọ̀rọ̀ oníkíbọ́ọ̀dù yín ló dùn mí jù. Rolling Stones ṣe irú ẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i dòní. Ian Stewart, Stu, òun ló kọ́kọ́ dá Brian Jones lóhùn nígbà tó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá olórin, kí Jagger àti Richards tó dé rárá. Píánò ló ń tẹ̀. Oldham dé, ó ní mẹ́fà ti pọ̀ jù, ìrísí Stu ò sì bá tàwọn yòókù mu, ni wọ́n bá yọ ọ́. Ọkùnrin yẹn ò bínú lọ, ó ń wa bọ́ọ̀sì wọn, ó ń ru amplifáyà, ó ṣì ń tẹ píánò nínú rẹ́kọ́ọ̀dù wọn títí ó fi kú ní 1985. Ìgbà tí wọ́n mú wọn wọ Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì, ní 1989 ni wọ́n tó ka orúkọ ẹ̀ mọ́ tiwọn, ó ti kú! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín, ẹ jẹ́ kó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀, kí gbogbo èèyàn máa rí i.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ò gbọ́ nǹkan míì ju àwọn Òyìnbó Rolling Stones yìí lọ, ṣé kì í ṣe orin àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n gbà? — Ìyá Ìjẹ̀dẹ́

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé mà. Orin àwọn dúdú Amẹ́ríkà ni, inú orin Muddy Waters, olórin búlúùsì kan níbẹ̀, ni wọ́n ti mú orúkọ wọn pàápàá. Wọn ò fi pamọ́ ṣá. Nígbà tí Shindig, ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, pè wọ́n ní 1965, àwọn Stones ní Howlin' Wolf, olórin búlúùsì dúdú míì, gbọ́dọ̀ wá, ó sì wá, wọ́n jókòó yí i ká bó ṣe ń kọrin. Ẹ ní kí ọmọ yín lọ wá orin Howlin' Wolf àti ti Muddy Waters gbọ́ ná.